Oró Tí Ó Di Oògùn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Gánà àti Sàró wá pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ yìí láti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń kọ̀wé sí. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera ni mo tún gbé wá sí abala Yorùbá ìwé ìròyìn wa, ṣùgbọ́n èyí kò dà bí àwọn ti ìṣáájú. Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́kọ́ bá a pàdé. Ara mi ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, mo ṣàkíyèsí pé mo ń ṣẹ́jú ju bí ó ti yẹ lọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹfun tí a fi ń kọ̀wé sí ojú pátákó ni ó ń bọ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù ni ọ̀rọ̀ náà ń le sí i. Ìpéǹpéjú mi méjèèjì a pa dé fúnra wọn, wọn a sì le pinpin bí ẹni pé a fi okùn dì wọ́n. Bí mo bá gbé ìwé sókè níwájú kíláàsì láti kà á, n kò ní rí nǹkan kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan rò pé mo ń sùn lórí ìdúró. Àwọn mìíràn rò pé inú ń bí mi sí wọn. Aládùúgbò mi kan tilẹ̀ sọ pé ayé ni ó ń ṣe mí. Èmi tí mo máa ń fa ọmọ mi lọ́wọ́ sọdá títì, ọmọ náà ni ó wá ń fa èmi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́, ó ní ẹyinjú mi kò ní àrùn kankan. Ó ní àṣẹ tí ń lọ sí iṣan tí ń pa ojú dé ni ó pọ̀ jù. Ó ní abẹ́rẹ́ oró botulinum ni òun yóò fi tọ́jú mi.

Mo ní, “Dókítà, oró kẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Oró ni, Tíṣà. Kò sí oró tí a mọ̀ tí ó le jù ú lọ. Ẹ lọ kà nípa rẹ̀ ná kí ẹ tó padà wá. N kò fẹ́ kí ẹ gba ohun tí kò yé yín.”

Mo lọ kà á. Mo sì padà lọ gba abẹ́rẹ́ náà. Ohun tí mo kà àti ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi kọ́ yín, nítorí pé ọ̀kan nínú yín bi mí ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀ tí n kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. N óò sọ ìbéèrè náà bí a bá dé ìparí ẹ̀kọ́ yìí.

1. Ibi tí oró yìí ti wá

Kòkòrò kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Clostridium botulinum ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ ni ó ń gbé, kò sì sí apá ibi tí a kò lè rí i nínú ayé. Kòkòrò yìí kò fẹ́ afẹ́fẹ́ rárá. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá wà, a fi èèpo líle bo ara rẹ̀, a sì dákẹ́ síbẹ̀ bí irúgbìn tí ń retí òjò. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá ara rẹ̀ nínú oúnjẹ tí a dé pa, tí afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, tí oúnjẹ náà kò kan, tí iyọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, a jí, a bí sí i, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè oró.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ènìyàn ń kú ní agbègbè Württemberg ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ sọ́séèjì, èyíinì ni ẹran lílọ̀ tí a dì sínú ìfun ẹran. Dókítà kan tí ó tún jẹ́ akéwì, Justinus Kerner ni orúkọ rẹ̀, mú ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kúnkúndùn. Ní ọdún 1820 ó kọ̀wé nípa ènìyàn 76 tí àìsàn náà kọlù; nígbà tí yóò fi di 1822, àwọn tí ó ti kọ ìtàn àìsàn wọn sílẹ̀ ti di 155. Ó tọ́ díẹ̀ nínú oró náà wò fúnra rẹ̀. Ó rí i pé kò fọwọ́ kan iyè ènìyàn: aláìsàn mọ ohun gbogbo tí ń lọ, ṣùgbọ́n ìpéǹpéjú rẹ̀ a wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ a gbẹ, kò ní lè gbé oúnjẹ mì, títí èémí yóò fi kọ̀ láti jáde. Kerner wá ronú síwájú. Ó ní bí oró yìí bá lè dá gbogbo ara dúró, kí ló dé tí díẹ̀ kíún nínú rẹ̀ kò lè tu ẹ̀yà ara tí ń ṣe ju bí ó ti yẹ lọ lára? Ó ju 150 ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó mú èrò náà ṣẹ. Ọ̀rọ̀ èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí sọ́séèjì, botulus, ni a ti mú orúkọ oró náà jáde.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, àwọn onílù àti afọnfèrè kan lọ ṣeré níbi ìsìnkú kan ní abúlé Ellezelles ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Wọ́n jẹ itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, mẹ́ta sì kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emile van Ermengem yẹ ẹran tí ó ṣẹ́kù wò, ó sì rí kòkòrò náà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1897 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde. Báyìí ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹran ni ó ń pa ènìyàn, bí kò ṣe ohun tí ó wà nínú ẹran.

Ẹ̀kọ́ ilé ìdáná wà níhìn-ín fún àwa náà. Agolo oúnjẹ tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe rà á, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ wálẹ̀ tó. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin, nítorí pé irúgbìn kòkòrò yìí lè wà nínú rẹ̀, ìfun ọmọ ọwọ́ kò sì tíì ní agbára láti ṣẹ́gun rẹ̀. Oúnjẹ tí a bá sè hó dáadáa a máa ba oró náà jẹ́, ṣùgbọ́n irúgbìn kòkòrò náà kì í tètè kú nínú omi híhó lásán. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo fi ń lo ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ tó 121 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

2. Bí ó ti ń ṣe iṣẹ́

Ẹ fi ara ènìyàn wé ìlú kan. Ọpọlọ ni ọba. Iṣan ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlú. Láàrin ọba àti àwọn òṣìṣẹ́ ni ìránṣẹ́ wà. Àwọn wọ̀nyí ni fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn jáde lọ sí gbogbo ara. Ẹ jẹ́ kí a máa pè wọ́n ní okùn ìmọ̀lára. Okùn yìí kò fara kan iṣan. Àlàfo tín-ín-rín kan wà láàrin wọn. Bí ọba bá pàṣẹ, okùn ìmọ̀lára a tú èròjà kan tí a ń pè ní acetylcholine sínú àlàfo náà. Èròjà yìí ni iṣẹ́ tí a rán ìránṣẹ́. Bí ó bá ti kan iṣan, iṣan a súnkì.

Oró botulinum kì í pa ọba, kì í sì í pa òṣìṣẹ́. Ẹnu okùn ìmọ̀lára ni ó ń wọ̀, a sì gé ohun tí okùn náà ń lò láti tú èròjà jáde. Ọba pàṣẹ, ìránṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu jíṣẹ́. Iṣan a dúró, a dẹ̀, a sì sinmi. Bí ó bá jẹ́ iṣan tí a fi ń mí ni, ikú ni. Bí ó bá jẹ́ iṣan kékeré kan tí kò jẹ́ kí olúwarẹ̀ sinmi, ìtura ni.

Ìsinmi yìí kì í ṣe títí láé. Lẹ́yìn tí a bá gún abẹ́rẹ́ náà, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ bíi mélòó kan a kọjá kí ìyàtọ̀ tó hàn, agbára rẹ̀ a sì kún ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, okùn ìmọ̀lára a ti tún ara rẹ̀ ṣe, ìránṣẹ́ a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́. Nítorí náà ni ẹni tí ó nílò rẹ̀ fi ń padà lọ gbà á.

3. Bí oró ṣe di oògùn

Dókítà ojú kan wà ní ìlú San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Alan Scott ni orúkọ rẹ̀. Ó ń wá ọ̀nà láti tọ́jú àwọn tí ojú wọn méjèèjì kì í wo ibì kan náà, láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Edward Schantz, ẹni tí ó ti kọ́ bí a ti ń fọ oró yìí mọ́ ní ilé ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, fún un nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé nítorí ogun ni wọ́n fi kọ́kọ́ fi ọwọ́ mú oró yìí níbẹ̀. Ní ọdún 1973 Scott tẹ ìwádìí tí ó ṣe lára ọ̀bọ jáde. Ní 1977 ó gún ènìyàn àkọ́kọ́. Nígbà tí ó sì di ìparí 1989, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún irú ojú bẹ́ẹ̀ àti fún àìsàn ìpéǹpéjú tí ó ṣe èmi.

Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń gbòòrò. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà, wọ́n fọwọ́ sí i ní ọdún 2000 fún ọrùn tí ń lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀. Ní 2004 fún òógùn abíyá tí kò ní ìdádúró. Ní 2010 fún ẹ̀fọ́rí líle tí ń mú ènìyàn ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù, àti fún apá tí ó ká gbagidi lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀. A ń lò ó fún àpò ìtọ̀ tí kì í gba ènìyàn láàyè, àti fún ọmọdé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le nítorí ìpalára tí ó bá ọpọlọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé kò mú ìdí àìsàn kúrò. Ó ń dẹ iṣan ni. Ọmọ tí a gún ní ẹsẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ máa na ẹsẹ̀ náà, kí a sì máa kọ́ ọ ní ìrìn, nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì dẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá kan ẹwà? Ní ọdún 1987, dókítà ojú kan ní Vancouver ní ilẹ̀ Kánádà, Jean Carruthers, ń tọ́jú obìnrin kan tí ó ní irú àìsàn tèmi. Obìnrin náà bínú pé dókítà kò gún òun láàrin irun òkè ojú méjèèjì lọ́jọ́ náà. Ó ní nígbàkígbà tí a bá gún òun níbẹ̀, ojú òun a dà bí ojú ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Jean sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ rẹ̀, Alastair, tí ó jẹ́ dókítà awọ ara. Tọkọtaya náà ṣe ìwádìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1992. Ní ọdún 2002 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìlà tí ìfajúro ń fà sí àárín irun òkè ojú. Láti ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ ti kàn, títí ó fi dé orí fóònù yín.

4. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀

Gíráàmù kan péré nínú oró yìí, bí a bá tú u ká sínú afẹ́fẹ́ tí ènìyàn ń mí, ó lè pa ju 1,000,000 ènìyàn lọ. Báwo ni ohun kan náà ṣe wá wọ ìpéǹpéjú mi tí mo sì ń kọ̀wé sí yín lónìí? Ìwọ̀n ni.

Ẹyọ ni a fi ń wọn oògùn yìí. Iye tí ó lè pa ìdajì nínú àwọn eku kéékèèké tí a bá gún un sí nínú ni a ń pè ní ẹyọ kan. Fún ìlà ìfajúro, ẹyọ 20 ni wọ́n máa ń lò nínú oògùn tí a ń pè ní Botox, tí wọ́n ó pín sí ojú ibi 5. Fún àìsàn ìpéǹpéjú, a lè bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ 1.25 sí 2.5 ní ojú ibi kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gbé ìgò kékeré rẹ̀ sókè, ohun funfun díẹ̀ tí ẹ óò rí ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe oró. Iyọ̀ àti èròjà kan láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni. Oró náà kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹyọ oògùn ilé iṣẹ́ kan kì í ṣe ẹyọ ti ilé iṣẹ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra gàrí ní ìlú púpọ̀ mọ ohun tí mo ń wí. Kóńgò ọjà kan kì í ṣe kóńgò ọjà kejì, àwọn ará Gánà sì ní ọlọ́ńkà tiwọn. Bí a bá ṣi kóńgò lò, owó ni a ó pàdánù. Bí a bá ṣi ẹyọ oró lò, èémí lè lọ sí i.

Ní ọdún 2004, ní ìpínlẹ̀ Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ènìyàn mẹ́rin gba abẹ́rẹ́ nítorí ẹwà, dókítà tí ó ń gún un sì wà nínú wọn. Oró tí a ṣe fún ilé ìwádìí nìkan, tí kò sí fún ara ènìyàn, ni wọ́n lò. Ara àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú tipiri, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì bá ara wọn. Ní ọdún 2009 ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé kí a kọ ìkìlọ̀ sí ara oògùn náà pé ó lè ràn kúrò ní ibi tí a gún un sí, kí ó sì dí ènìyàn lọ́wọ́ láti gbé oúnjẹ mì tàbí láti mí. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ènìyàn 22 ní ìpínlẹ̀ 11 ni wọ́n ròyìn pé ara wọn kò dá lẹ́yìn tí wọ́n gba ayédèrú rẹ̀ tàbí tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí òfin ti le tó bẹ́ẹ̀, kí ni kí a wí nípa ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbé àpò kọ́ èjìká kí ó sì pe ara rẹ̀ ní oníṣègùn?

5. Ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí

Ní sáà tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú yín dúró dè mí lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìlà jíjìn kan wà láàrin irun òkè ojú rẹ̀ láti kékeré. Nígbà tí ó lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé ń sá fún un. Wọ́n rò pé ó ń bínú. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin náà ń gba abẹ́rẹ́ yìí sí ojú. Ọ̀rẹ́ mi tí ń ṣe irun ní ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò gún un fún wa nínú ṣọ́ọ̀bù òun, kò sì wọ́n. Ṣé ohun tí ó dára fún ojú yín kò dára fún ojú tèmi ni?”

Mo dákẹ́. Bí mo bá ní kí ó má ṣe é, mo di ẹni tí ń jẹun tí ó ń ní kí ebi pa ẹlòmíràn. N kò sì lè sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ẹwà: àwọn ìyá wa lé tìróò, wọ́n kun osùn, wọ́n lé làálì. Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ mi àkọ́kọ́, ìpéǹpéjú mi òsì wálẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rù kò bà mí, nítorí pé dókítà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ibi tí n óò ti rí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì dín ìwọ̀n kù nígbà kejì. Mo ní, “Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin èmi àti ìwọ kọ́ ni pé ojú mi ń ṣàìsàn, tìrẹ kò sì ṣe é. Ìyàtọ̀ náà ni pé mo mọ ohun tí ó wà nínú ìgò, mo mọ ọwọ́ tí ó gbé abẹ́rẹ́, mo sì mọ ẹni tí n óò ké pè bí ó bá yíwọ́. Lọ bi ẹni náà ní ìbéèrè mẹ́ta: Oògùn ta ni èyí, ṣé mo lè rí ìgò rẹ̀ kí o tó ṣí i? Níbo ni o ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Bí n kò bá lè gbé itọ́ mì ní ọ̀la, ta ni yóò tọ́jú mi? Kí o sì bi ara rẹ ní ẹ̀kẹrin: nítorí ta ni mo fi ń ṣe é?”

Ó lọ. Ọkùnrin náà dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ó ti fa oògùn sí láti ilé. Ó ní ìgò rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun. Ọmọbìnrin náà gbé báàgì rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìlà náà ṣì wà ní ojú rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí mo lọ wò ó níbi ìkọ́ṣẹ́ ní oṣù tí ó kọjá, àwọn ọmọdé yí i ká, wọ́n ń du ẹni tí yóò bá a gbé ìwé. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í pẹ́ mọ ojú tí ó fẹ́ràn wọn.

Bí ó bá di ọjọ́ kan tí ó rí dókítà tí ó mọ iṣẹ́, tí ó rí oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí, tí kò sì sí nínú oyún, tí kò ní àìsàn àárẹ̀ iṣan, n kò ní bá a jà bí ó bá gbà á. Ara rẹ̀ ni.

Ní ti ẹ̀yin yòókù, ẹ óò di olùkọ́ láìpẹ́. Ẹ óò rí ọmọ tí ojú rẹ̀ kì í wo ibì kan náà, ẹ óò rí èyí tí ọrùn rẹ̀ ń lọ́, ẹ óò sì rí ẹlẹgbẹ́ yín tí ń ṣẹ́jú bí mo ti ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì ṣe sọ pé ayé ni. Ẹ sọ fún àwọn òbí wọn pé kí wọ́n lọ rí dókítà. Àìsàn ni a ń wò, a kì í wo ikú.

Ìbéèrè fún àròjinlẹ̀

1. Kí ni ìdí tí kòkòrò botulinum fi ń pèsè oró nínú agolo, tí kì í sì í pèsè rẹ̀ nínú àwo tí a ṣí sílẹ̀?
2. Kí ni Kerner rí ní 1822 tí àwọn ẹlòmíràn kò rí?
3. Fi òwe ọba àti ìránṣẹ́ ṣàlàyé bí oró náà ti ń dẹ iṣan. Lẹ́yìn èyí, wá àfiwé tìrẹ láti inú ìlú rẹ.
4. Kí ni kóńgò àti ọlọ́ńkà fi kọ́ wa nípa ẹyọ oògùn?
5. Bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè tí ọmọbìnrin náà bi mí, kí ni ìwọ yóò dá a lóhùn?